Ọkà Ọtí Ò Gbọdọ̀ Kú: Bí Ẹ Ṣe Lè Tọ́jú Àgbàdo àti Ọkà Bàbà Di Ọjọ́ Tí Ẹ Máa Pọntí

Ọjọ́ kẹta pé tí ẹ ti rẹ ọkà bàbà. Ẹ ṣí ewé tí ẹ fi bò ó, ẹ ń wá irun funfun tín-ín-rín tó yẹ kó ti yọ nídìí hóró kọ̀ọ̀kan, òórùn kíkan ló pàdé yín. Ọkà ò hù. Ẹ tún ta omi sí i, ẹ ní bóyá òtútù ló mú un. Nígbà tó máa di ọjọ́ kẹrin, ó ti ń yọ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tàbí pítò mọ̀ pé iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìgbà tí ọkà bá ń hù ni ohun tó ń sọ ìyẹ̀fun inú rẹ̀ di ṣúgà máa ń jáde. Bí kò bá hù, ṣúgà ò sí. Bí ṣúgà ò bá sí, kí ló fẹ́ di ọtí?

Ó ti ṣe mí rí. Ọdún Ìwúde Ìjẹ̀ṣà ku ọ̀sẹ̀ méjì, mo wọ́ àpò ọkà kan tí mo ti rà láti ìgbà ẹ̀rùn jáde nílé ìdáná. Ẹ̀gbẹ́ ààrò ni mo gbé e sí, mo ní ooru ibẹ̀ ò ní jẹ́ kí kòkòrò sún mọ́ ọn. Lóòótọ́, kò sí kòkòrò kankan níbẹ̀. Mo rẹ ẹ́, hóró kan ò jí. Ìyá mi bu ìkúnwọ́ kan, ó fi eyín gé ẹyọ kan, ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ọkà ẹ̀kọ lo tọ́jú, ìwọ ọmọ yìí. Ta ló ní kí o fi pọntí?"

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àgbàdo tó ti kú ṣì lè di ògì, ó lè di ẹ̀kọ, adìẹ lè jẹ ẹ́. Ti ọtí gbọ́dọ̀ wà láàyè títí di àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ máa rẹ ẹ́. Iṣẹ́ méjì lẹ ń ṣe pọ̀: ẹ ń pa kòkòrò, ẹ ò sì gbọdọ̀ pa ọkà mọ́ ọn.

Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀ (fún àpò ọkà kan)

- tapólì fífẹ̀ kan, kó má jẹ́ dúdú
- atẹ àti asẹ́
- ìgò kan tó gbẹ, tó ní ìdérí, àti iyọ̀ gbígbẹ ṣíbí ọbẹ̀ 3
- aṣọ funfun tó mọ́, àti abọ́ omi
- àpò onípele 3 tí wọ́n ń pè ní PICS, tàbí kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́fà
- búlọ́ọ̀kù, pákó, okùn, àbẹ́là
- bírò àti páálí tí ẹ máa kọ nǹkan sí

Ọ̀rọ̀ kan lórí kẹ́ẹ̀gì: èyí tí wọ́n ti rọ kẹrosíìnì tàbí oògùn oko sí rí, ẹ má gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ pàápàá. Ti epo pupa ṣe é lò bí ẹ bá fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ títí tí òórùn epo fi kúrò, tó sì gbẹ dénú.

Ìpele 1: Ẹ má ra òkú

Àgbàdo tí wọ́n kórè ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, inú òjò ló ti jáde. Omi ṣì wà lára rẹ̀, oòrùn tí ẹ máa fi gbẹ ẹ́ ò sì sí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ṣe ògì. Èyí tí wọ́n gbìn lẹ́yìn ìsinmi òjò oṣù Kẹjọ, tí wọ́n kó wọlé nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, òun ni ti ìpamọ́. Àkókò yẹn náà ni ọkà bàbà tuntun máa ń wọlé láti Òkè Ọya.

Bí ẹ bá dé ọjà Àtàkúnmọ̀sà ní Iléṣà, kí ẹ tó dárúkọ iye, ẹ ti ọwọ́ bọ inú àpò títí dé ìgbọ̀nwọ́. Inú rẹ̀ yẹ kó tutù. Bó bá ń móoru bí ikùn ajá tó ń sùn, kòkòrò tàbí èbu ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ yọ ọwọ́ síta, ẹ wò ó. Bí ìyẹ̀fun lẹ́búlẹ́bú bá lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, kòkòrò ló lọ̀ ọ́, wọn ò ní í gba owó ọlọ lọ́wọ́ yín. Ẹ tún gbọ́ òórùn rẹ̀. Bí òórùn oògùn bá wà lára rẹ̀, ẹ kí ìyá ọlọ́kà pé ẹ ń bọ̀, kí ẹ máa lọ.

*Ibi tí a ti ń ṣìnà:* àpò tó mọ́ lójú lè kún fún ẹyin. Abo kòkòrò onímú gígùn máa ń fi ẹnu lu ihò sára hóró, á yé ẹyin ẹyọ kan síbẹ̀, á sì dí ojú ihò náà padà. Kò sí ojú tó lè rí i. Inú hóró ni ìdin ti máa jẹun tí á fi dàgbà, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 5 kòkòrò á lu hóró já síta. Ìdí nìyí tí èèyàn fi ń búra pé ọkà tó dáa lòun rà, oṣù kan péré ló fi di ìyẹ̀fun. Ti àgbàdo, láti oko ló ti ń bá a bọ̀.

*Àyẹ̀wò:* kóńgò kan ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kì í ṣe àpò. Ẹ ka hóró 100 sínú omi, ẹ rò ó pọ̀. Èyí tí inú rẹ̀ ti ṣófo á léfòó. Bí èyí tó léfòó bá ti ju 5 lọ, èmi ò ní í rà á.

Ìpele 2: Ẹ bi ọkà bóyá ó wà láàyè

Ẹ ka hóró 100 mìíràn, ẹ má sì ṣà á. Bó ṣe wà nínú kóńgò ni kí ẹ mú un, arẹwà àti òbùrẹ́wà. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ fi aṣọ tútù wé e, ẹ gbé e síbi tí oòrùn ò dé, kí ẹ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ tú aṣọ, ẹ ka iye tó hù.

Bí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá hù, ẹ sáré padà lọ ra àpò yẹn. Bó bá jẹ́ 80 àti díẹ̀, ẹ lè rà á láti fi pọntí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kì í ṣe láti fi pamọ́. Èyí tó bá kéré sí i, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹlẹ́kọ.

Ó ní ohun kan tó máa ń tan èèyàn jẹ nípa ọkà bàbà. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lóko lè máa sùn: kò kú, àkókò àtihù rẹ̀ ni kò tíì tó. Bí ọlọ́kà bá ní tuntun ni, tó tutù, tó mọ́, tí kò sì hù dáadáa, ẹ tọ́jú kóńgò yẹn fún ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, ẹ tún un dán wò. Bí iye tó hù bá lọ sókè, oorun ni. Bó bá wà bó ṣe wà, ikú ni.

Ìpele 3: Sísá

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń pa ọkà, tí wọ́n á sì lọ máa bínú sí kòkòrò.

Wọ́n ń kì àwa Ìjẹ̀ṣà ní ọmọ ẹlẹ́ní ẹwẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ẹní sílẹ̀ fún àlejò. Ẹní tí a tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ máa ń fa ọ̀rinrin ilẹ̀ wá bá ọkà. Tapólì ni kí ẹ tẹ́. Ẹ da ọkà sí i, ẹ fọ́n ọn káàkiri kó má nípọn ju ìka méjì lọ, kí ẹ máa fi ọwọ́ wà á ní wákàtí kọ̀ọ̀kan kí ti abẹ́ lè bọ́ sókè.

Ẹ má sá a sórí páànù. Ẹ má sá a sórí ọ̀dà títì. Àwọn tó ń gbẹ àgbàdo irúgbìn kì í jẹ́ kí ooru ara rẹ̀ kọjá ìwọ̀n 43 Celsius, páànù ọ̀sán oṣù Kejì sì ń kọjá ìyẹn tipẹ́tipẹ́. Bí omi bá ṣe pọ̀ tó lára ọkà, bẹ́ẹ̀ ni ooru ṣe ń tètè pa á tó. Òṣùwọ̀n mi ò ṣòro: láago 1 ọ̀sán, mo máa ń tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi sórí ọkà. Bí mi ò bá lè fi ọwọ́ síbẹ̀ kí n fi kà dé 20, mo ń wọ́ tapólì lọ sábẹ́ igi nìyẹn, títí oòrùn á fi rọlẹ̀.

Kí ìrì tó bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀, ẹ kó o wọlé. Ẹ má sì di ọkà tó ń gbóná. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú iyàrá kó tutù mọ́jú. Bí ẹ bá dì í tòun tooru, á làágùn nínú àpò, òógùn yẹn lèbu máa mu.

*Àyẹ̀wò:* ẹ bu ọkà kún ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò gbígbẹ yẹn, ẹ da iyọ̀ sí i, ẹ dé e, ẹ gbọ̀n ọ́n fún ìṣẹ́jú 2, kí ẹ gbé e sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú ọkà ṣì ju ìdá 15 nínú 100 lọ. Bí iyọ̀ bá jábọ́ sísàlẹ̀ tí ara ìgò mọ́, ó ti kéré sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró níbẹ̀ yẹn. Ẹ má dúró. Ìdá 12 sí 13 ni àgbàdo ìpamọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́, ìgò iyọ̀ ò sì lè fi ìyẹn hàn yín, nítorí náà ẹ tún fi odindi ọjọ́ oòrùn 2 kún un. Lẹ́yìn náà, ẹ fi eyín gé hóró kan. Ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kẹ́, kó ya sí méjì. Èyí tó bá tẹ̀ kò tíì gbẹ.

Mò ń tẹnu mọ́ èyí nítorí èbu. Àwọn èbu kan máa ń tu májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin sára ọkà tí kò gbẹ, ẹ̀dọ̀ èèyàn ló sì máa ń bàjẹ́. Sísè kì í mú un kúrò. Mo ti rí i tí wọ́n fọ ọkà tó bu, tí wọ́n ní iná á pa á. Iná lè pa èbu, májèlé tó ti tu sílẹ̀ á wà nínú ọtí. Ọkà tó bá ti bu, ẹ dà á nù, ẹ má fún adìẹ.

Ìpele 4: Fífẹ́ àti ṣíṣà

Ẹ fẹ́ ẹ lórí atẹ, ẹ fi asẹ́ jọ̀ ọ́, ẹ ṣa òkúta àti ṣúkù kúrò. Hóró tó ti fọ́ ni kí ẹ fojú sí jù. Kò lè hù, kòkòrò pupa kékeré tí kò lè wọ hóró tó pé sì máa ń rí ọ̀nà wọ èyí tó ti fọ́.

Ìpele 5: Dídì, kí kòkòrò má rí afẹ́fẹ́ mí

Kòkòrò ń mí bíi tiwa. Bí ẹ bá di ọkà sínú ohun tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀, ẹyin tó wà níbẹ̀ lè pa, ìdin lè jẹun díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á mí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, wọ́n á sì kú. Ẹ ò fi oògùn kankan sí i. Ọkà gbígbẹ ní tirẹ̀ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ mí rárá, oorun ló ń sùn níbẹ̀, kò ní í kú. Ẹ kíyè sí i pé ọkà *gbígbẹ* ni mo wí. Tútù tí ẹ bá dì báyìí á kan, á sì kú.

Bí ẹ bá ń lo PICS: ọ̀rá méjì ló wà nínú, àpò híhun wà níta. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn kún ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, ẹ lọ́ ẹnu rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fetí sí i bóyá ó ń jò. Ẹ wá ti ọ̀rá kan bọ inú èkejì, kí ẹ ti méjèèjì bọ inú àpò. Ẹ máa da ọkà sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ máa fi ọwọ́ kì í kó wọ gbogbo kọ̀rọ̀. Ẹ ṣẹ́ ẹnu ọ̀rá kù tó apá kan. Ẹ ti afẹ́fẹ́ òkè rẹ̀ jáde, ẹ lọ́ ọ rìgìdì, ẹ ká a lé ara rẹ̀, ẹ fi okùn dì í. Ẹ ṣe ọ̀rá kejì bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣe àpò bẹ́ẹ̀.

*Ibi tí a ti ń ṣìnà:* ẹ óò fẹ́ ṣí i. Gbogbo wa la máa ń fẹ́ ṣí i, "kí n kàn fojú kàn án." Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá ṣí i, ẹ ń gbé afẹ́fẹ́ fún kòkòrò tó ti ń kú lọ. Ẹ fi í sílẹ̀ fún oṣù kan gbáko, ó kéré tán.

Èyí ló jẹ́ kí n fẹ́ràn kẹ́ẹ̀gì ju àpò lọ fún ẹni tó ń pọntí díẹ̀díẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan ń gba nǹkan bíi kìlógíráàmù 18 àgbàdo. Ẹ wọn ọkà tó tó ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá pọntí sínú kẹ́ẹ̀gì kan, kó jẹ́ pé ọjọ́ tí ẹ bá ṣí i lẹ máa lò ó tán, àwọn yòókù á sì wà ní dídé. Ẹ kọ́kọ́ ti kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí ẹ ti dé bọ inú omi. Bí omi bá ń hó, ó ń jò. Ẹ gbẹ ẹ́ dáadáa, ẹ rọ ọkà sí i, ẹ máa jù ú mì kó lè jókòó, kí ẹ kún un dé ẹnu, torí àyè tó ṣófo, afẹ́fẹ́ ni. Ẹ dé e le, ẹ yọ́ àbẹ́là sí etí ìdérí yípo.

Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ dì í sára rẹ̀, pẹ̀lú iye tó hù nínú 100. Ẹ ò ní í rántí. Èmi náà kì í rántí.

*Àyẹ̀wò:* lọ́jọ́ kejì, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àpò. Ó gbọ́dọ̀ le gbagidi, kó má sì mí sí yín lójú.

Ìpele 6: Ibi tí ẹ máa gbé e sí

Iyàrá tó tutù jù nínú ilé ni, kì í ṣe ilé ìdáná. Ẹni tó bá ní àwọn àgbà máa ń so àgbàdo irúgbìn mọ́ àjà lókè ààrò ò parọ́, ṣùgbọ́n àgbàdo oníháríhá díẹ̀ ni, ó ga sí iná, èéfín ló sì ń bá a. Àpò tí mo fi ti ẹ̀gbẹ́ ààrò kì í ṣe àjà.

Ẹ to búlọ́ọ̀kù, ẹ tẹ́ pákó lé e, ẹ gbé ọkà sórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ògiri tó bí ológbò ṣe lè gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ gbá abẹ́ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí hóró tó dà sílẹ̀ ló ń pe èkúté wá, èkúté sì lè fi alẹ́ ọjọ́ kan lu ọ̀rá tí ẹ fi odindi ọjọ́ dì. Ó tún burú ju ìyẹn lọ: ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku lára oúnjẹ lè kó ibà Lassa ranni. Ìpínlẹ̀ Oǹdó tí a bá pààlà wà lára ibi tí àìsàn yìí ti ń jà jù lọ́dọọdún, nítorí náà ọkà tí eku bá ti tọ̀ sí, ẹ má ní ẹ máa ṣà á.

Bí ẹ bá ní àpò àtijọ́ tí ẹ fẹ́ tún lò, ẹ bọ̀ ọ́ sínú omi híhó, ẹ sá a gbẹ. Ojú rírán rẹ̀ ni kòkòrò ọdún tó kọjá ń sá pamọ́ sí.

Ìpele 7: "Ṣé kí n fi oògùn díẹ̀ sí i?"

Rárá. Dichlorvos, oògùn inú ìgò kékeré tí wọ́n ń fọ́n pa ẹ̀fọn, ni ọ̀pọ̀ ń wọ́n sí ọkà àti ẹ̀wà. Kì í ṣe oògùn oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ le débi pé lọ́dún 2019 NAFDAC fòfin de ìgò rẹ̀ kékeré. Ọtí lẹ fẹ́ pọn, àwọn èèyàn yín ló fẹ́ mu ún.

Oògùn oníkóró tí wọ́n ń jù sínú àpò, tó ń tu gáàsì, ẹ jìnnà sí i pátápátá nílé. Gáàsì yẹn ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bá ẹni tó ń sùn, ó sì ti pa èèyàn.

Ewé dóńgóyárò gbígbẹ àti ata gbígbẹ máa ń lé kòkòrò díẹ̀, mi ò ní í parọ́ mọ́ wọn. Àmọ́ kíkorò dóńgóyárò kì í fọ̀ tán, mo ti mu ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tó rántí rẹ̀. Eérú igi tí ẹ jọ̀ ṣe é pò mọ́ ọkà bí ẹ ò bá rí PICS tàbí kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ ṣáà fọ̀ ọ́ lómi mẹ́ta kí ẹ tó rẹ ẹ́.

Ìpele 8: Ṣíṣọ́ ọ

Lóṣooṣù, láìṣí nǹkan kan, ẹ wo ìta àpò bóyá eku ti gé e. Ẹ gbé etí lé e lóru nígbà tí ilé bá pa rọ́rọ́. Bí kòkòrò bá ń jẹun nínú rẹ̀, ẹ óò gbọ́ ọ, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, bí ẹni ń fi èékánná họ páálí. Bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́yìn oṣù kan, ibì kan ń jò. Ẹ tú u, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ sá a, ẹ tún un dì sínú òmíràn.

Ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó pọntí, ẹ ṣí kẹ́ẹ̀gì kan, ẹ ka hóró 100, ẹ ṣe ìpele 2 padà. Ẹ fi wé iye tí ẹ kọ sára kẹ́ẹ̀gì. Bó bá fi 10 péré dín kù, kò burú. Bó bá ti 93 já sí 60, ẹ má rẹ ìyókù. Ẹ ṣì ní ọjọ́ mélòó kan láti wá ọkà mìíràn, èyí tí èmi ò ní lọ́dún tí mò ń wí yẹn.

Ìpele 9: Ọkà tó ti hù tí ẹ sá

Èyí ò nílò kó wà láàyè mọ́, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ẹ̀ yan án. Iná á pa ohun tó ń sọ ìyẹ̀fun di ṣúgà. Oòrùn nìkan ni kí ẹ fi gbẹ ẹ́.

Bó bá ti gbẹ, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á kí gbòǹgbò àti èéhù rẹ̀ já, kí ẹ fẹ́ wọn dànù. Ti ọkà bàbà ṣe pàtàkì: bó ṣe ń hù ló ń ní májèlé kan tó jọ ti inú ẹ̀gẹ́, inú èéhù ló sì pọ̀ sí jù. Ẹ má da èéhù tútù sílẹ̀ fún ewúrẹ́.

Ọkà híhù ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́ bí iyọ̀ ìgbà òjò. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú àpò lásán, ẹ má sì lọ̀ ọ́ sílẹ̀ de ọjọ́ iwájú. Odindi ni kó wà nínú kẹ́ẹ̀gì tó kún dé ẹnu, kí ẹ lọ̀ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lò ó. Èmi kì í pa á mọ́ ju oṣù 3 lọ. Kí ẹ tó yọ́ àbẹ́là sí ìdérí, ẹ ju hóró díẹ̀ sẹ́nu. Ó gbọ́dọ̀ rún lábẹ́ eyín, kó dùn díẹ̀. Bó bá ń fà, ẹ tún un tẹ́ sóòrùn ní ìdajì ọjọ́.